Ìṣin Mushin àti Ẹ̀fọ́ Tí Ọmọ Kò Fẹ́ Jẹ

Àwọn àgbà Mushin a máa sọ pé èso kan ni ó fún ìlú wọn ní orúkọ. Wọ́n ní nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, igi ìṣin pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìṣin ni àwọn ènìyàn ń torí rẹ̀ lọ, àti pé láti ara "mú ìṣin" ni orúkọ náà ti wá. Ẹni tí ó bá dúró ní Ojúwòyè lónìí, tí ó ń wo bí ọkọ̀ àti èrò ṣe fún mọ́ ara wọn, lè rò pé àlọ́ ni wọ́n ń pa fún òun. Ṣùgbọ́n orúkọ àdúgbò a máa rántí ohun tí ojú ilẹ̀ ti gbàgbé. Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí Ojúwòyè. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ni ènìyàn ń bá níbẹ̀ nísinsìnyí, kò sì sí aláìsàn tí ó ń béèrè igi àràbà.

Ìṣin kò béèrè ebè, kò béèrè ọkọ́. Ó ń hù, ó ń so, ọmọ aráyé sì ti lè máa ká a jẹ kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtigbin nǹkan. Síbẹ̀ kì í ṣe èso tí a ń já bí ó bá ti wù wá. Èyí tí kò bá tí ì fúnra rẹ̀ la ẹnu lórí igi, májèlé ni. Oró inú rẹ̀ a máa dá èébì sílẹ̀, a sì máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi pé ó lè pa ènìyàn, pàápàá ọmọdé tí kò jẹun kánú. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kò ní ilé àyẹ̀wò. Ojú ni wọ́n fi rí i, ọ̀fọ̀ ni ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ ni pé kí á dúró kí ó là, kí á jẹ ara rẹ̀ tí ó rí bí ọ̀rá, kí á sì da hóró dúdú ibẹ̀ nù. Ní nǹkan bí ọdún 1778, ọkọ̀ akẹ́rú gbé e dé Jàmáíkà. Ní 1793, Ọ̀gákọ̀ Bligh mú un láti ibẹ̀ lọ sí ọgbà Kew ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ewéko sì fi pe igi náà, Blighia sapida. Àwọn ará Jàmáíkà ń fi ẹja oníyọ̀ sè é, oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn ni. Pé orúkọ ẹni tí ó kàn gbé e kọjá ni igi náà ń jẹ́, tí kì í ṣe ti àwọn tí wọ́n mọ bí a ṣe ń jẹ ẹ́ láì kú, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni lójú tèmi.

Mo ti ẹnu ìṣin wọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí àṣà oúnjẹ kan tí ó ti òkèèrè dé, tí a sì ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ báyìí lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Yábàá àti Sùúrùlérè tí wọ́n fẹ́ kí ara wọn fúyẹ́. Paleo ni wọ́n ń pè é, ìyẹn oúnjẹ ayé òkúta. Walter Voegtlin, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé lé irú rẹ̀ lórí ní 1975. Ní 1985, S. Boyd Eaton àti Melvin Konner gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn, ó sì di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lé lórí. Ní 2002 ni Loren Cordain wá kọ ìwé tí ó sọ orúkọ náà di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé. Àlàyé wọn kò ṣòro. Iṣẹ́ àgbẹ̀ kò ju nǹkan bí 10,000 ọdún lọ láyé, ara ènìyàn sì ti wà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, kí á jẹ ohun tí àwọn ọdẹ àti àwọn tí ń ṣa èso inú igbó jẹ, ẹran, ẹja, ẹyin, ewébẹ̀, èso àti hóró igi, kí á sì fi àgbàdo, ìrẹsì àti gbogbo irú wọn, ẹ̀wà àti gbogbo ẹbí rẹ̀, wàrà àti ṣúgà sílẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé òfin náà dé góńgó, irú tí ń mú ọbẹ̀ ta sánsán yóò bá a lọ, nítorí pé ẹbí ẹ̀wà ni igi irúgbá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é ní Mushin yóò bá ìṣòro méjì pàdé. Owó ni àkọ́kọ́. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ràn ẹ̀fọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n: wọn a máa fi ìka ṣa ewé sí etí àwo, wọn a sì bá ẹran lọ. Oúnjẹ tí a gbé ka orí ẹran àti ewé, tí owó ẹran kò sí, tí ewé kò sì gba ọ̀nà ọ̀fun lọ, kí ni yóò kù nínú rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó mú mi bojú wẹ̀yìn. Bí a bá ní a fẹ́ jẹun bí àwọn baba ńlá, ó yẹ kí á béèrè pé baba ńlá ta ni, àti ní ilẹ̀ wo.

Ní ilẹ̀ tiwa, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lè bẹ̀rẹ̀ ni Ihò Eléérú, nítòsí Ìsárun, ní agbègbè Àkúrẹ́. Thurstan Shaw àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ wa ibẹ̀ ní 1965. Wọ́n bá egungun ènìyàn kan níbẹ̀, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti ṣá lẹ́nu kí ó lè mú. Egungun náà ti ju 11,000 ọdún lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún agbárí rẹ̀ yẹ̀ wò ní 2011, wọ́n rí i pé ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn ènìyàn tí wọ́n ti gbé ayé ṣáájú ìgbà náà gan-an. Kò sí oko nígbà yẹn, kò sí ebè. Orúkọ ihò yìí, tí í ṣe ti eérú, a sì máa rán mi létí ohun mìíràn. Ní 2020, àwọn awalẹ̀pìtàn kéde pé nínú ihò kan tí ń jẹ́ Border Cave, ní ìhà gúúsù Áfíríkà, àwọn ènìyàn ti ń sun gbòǹgbò ewéko kan tí ó ń yó ni bí iṣu nínú iná ní nǹkan bí 170,000 ọdún sẹ́yìn. Iṣu sísun nìyẹn, bí èyí tí wọ́n ń fi epo pupa jẹ ní ẹ̀bá títì Mushin! Àwọn tí wọ́n ń kọ́ni pé ẹran nìkan ni ayé òkúta fi ń yó kò tí ì tú eérú wò dáadáa.

Láti ibẹ̀ dé orí àwo tiwa, ọ̀nà jìn, àlejò sì ti wọlé púpọ̀. Òwe àwọn àgbà lórí oúnjẹ tó ẹ̀rí nínú ọ̀rọ̀ yìí: "Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Iyán àti ọkà, tí í ṣe àmàlà, ọmọ iṣu ni àwọn méjèèjì, àwọn ni ó sì wà lókè. Ọmọ onílẹ̀ ni iṣu: ní 2019, àwọn tí wọ́n yẹ àbùdá rẹ̀ wò fi hàn pé ní agbègbè odò Ọya, láàárín ilẹ̀ Benin àti Nàìjíríà, ni a ti sọ iṣu igbó di iṣu oko. Ẹ̀kọ àti gúgúrú, ọmọ àgbàdo ni wọ́n, àgbàdo sì ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá lẹ́yìn ọdún 1492. Bí ẹni pé ẹni tí ó pa òwe náà mọ̀ pé àlejò ni àgbàdo, ó fi í sí ìsàlẹ̀. Èyí tí ó sì jọ mí lójú jù ni ẹni tí kò sí nínú òwe náà rárá. Gààrí kò sí níbẹ̀.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ gààrí, ẹ jẹ́ kí n wo ọbẹ̀. Ata rodo, ata wẹ́wẹ́, tàtàṣé, tòmátì, gbogbo wọn ni ó ti Amẹ́ríkà wá bí àgbàdo. Kí wọ́n tó dé, ìyèré, ataare àti ẹ̀ẹ́rù ni ó ń ta ahọ́n àwọn baba wa. Nítorí náà ọbẹ̀ ata pupa tí ń hó nínú ìkòkò káàkiri Sùúrùlérè, tí a ń pè ní ọbẹ̀ ìbílẹ̀, àbúrò ni nínú àwọn ọbẹ̀. Màlúù inú rẹ̀ pàápàá, àlejò ni, bí ó bá ti pọ̀ bí èyí tí a mọ̀. Kòkòrò irù tí ń fa àìsàn ẹran ọ̀sìn kò jẹ́ kí agbo màlúù ńlá gbilẹ̀ nínú igbó wa. Láti nǹkan bí 1912 tí ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ni ọ̀nà ti là gbòòrò fún ẹran Òkè Ọya. Ẹni tí ó bá sì ní òun kì í jẹ ewé, àfi ọbẹ̀ ata àti ẹran màlúù, tí ó wá ń pe èyí ní oúnjẹ baba ńlá, ohun tí ó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú ìkòkò wa ni ó ń jẹ.

Gààrí ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì jẹ mọ́ Èkó ju ibòmíràn lọ. Àwọn Potogí ni wọ́n gbé gbágùúdá wá láti Bràsíìlì. Ewéko yìí pẹ́ ní etí òkun kí ó tó jẹ gàba, nítorí pé irú rẹ̀ kan ní oró, ẹni tí kò bá sì mọ bí a ṣe ń rin ín, tí a ń fún omi rẹ̀, tí a sì ń yan án, kò lè fi ọkàn jẹ ẹ́. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú Bràsíìlì padà dé Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ iṣẹ́ náà dunjú, nítorí pé irú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ lọ́hùn-ún. Àwọn Sàró náà mọ̀ ọ́n. Láàárín àkókò díẹ̀ gààrí di oúnjẹ ará ìlú. Ó ṣeé tọ́jú, kò béèrè iná, ó sì ń wú nínú omi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ti di ẹ̀mí Èkó débi pé nígbà tí ìjọba fi òǹtẹ̀ lé iye owó oúnjẹ láàárín 1941 sí 1945, lábẹ́ ètò tí à ń pe orúkọ Ọ̀gágun Pullen mọ́, ọ̀rọ̀ gààrí wà lára ohun tí ó gbóná jù. Iye tí ìjọba dá kò bá ti ọjà mu, oúnjẹ bá sá pamọ́. Alimotu Pẹlẹwura, aláta-ẹja láti ọjà Èrèkò, tí ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà, ni ó ṣáájú wọn kọ ètò náà. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó ń lọ lórí àtẹ ju àwọn tí wọ́n ń kọ òfin lọ. Lẹ́yìn ogun ni ìjọba pa á tì. Pẹlẹwura kú ní 1951.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó láti tún un kọ́, wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ ẹbí lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Peter Marris tí ó ṣe ìwádìí láàárín wọn kọ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, ìwé náà sì fi hàn bí àwọn oníṣòwò kéékèèké ṣe pàdánù àwọn oníbàárà wọn àti bí ẹbí tí ń jẹun pọ̀ ṣe fọ́nká. Àwọn ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ ilé nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ìtàn ìkòkò ọbẹ̀ náà ni. Ìyá àgbà tí ń já ewé lẹ́yìnkùlé wà ní erékùṣù, ìyàwó ilé wà ní Sùúrùlérè, owó ọkọ̀ sì wà láàárín wọn.

Ohun tí gààrí ṣe gan-an ni pé ó gé okùn tí ó so òkèlè mọ́ ẹ̀fọ́. Kò sí ẹni tí ń jẹ iyán láìsí ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n gààrí, a lè fi omi tútù àti ṣúgà mu ún, kí á sì sùn. Búrẹ́dì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tí ó dé ní 1913 láti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ni ó wá di ọba búrẹ́dì ní Èkó. A fún Jàmáíkà ní ìṣin, ó sì fi alábùúrẹ́dì san án padà. Pẹ̀lú gààrí àti búrẹ́dì, ó ṣeé ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ kí ọmọ Èkó jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta kí ewé kankan má fi kan ẹnu rẹ̀, kí ó má sì sọ pé ebi pa òun.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ewé ni ó pẹ́ jù nínú ìkòkò. Ewé kì í fi egungun sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Ní 2022, àwọn onímọ̀ láti Frankfurt ní Jámánì àti Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti yẹ ìkòkò tí ó lé ní 450 wò, ìkòkò àwọn ará Nok, ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, àwọn tí a mọ̀ fún ère amọ̀. Wọ́n wá ọ̀rá tí ó ti wọ inú amọ̀ lọ, nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ti rí àmì ewé tí a sè. Ó ti tó 3,500 ọdún. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ń gbin jéró, wọ́n sì ń se ewé tì í. Òkèlè àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ yìí tó gbọ́ orúkọ ata rodo.

Bí àwọn ìyá wa bá ti ń se ewé fún ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta ààbọ̀, ó dájú pé wọ́n ti bá ọmọ tí kò fẹ́ ẹ jẹ pàdé. Kì í ṣe agídí ni gbogbo rẹ̀. Ní 1931, ní Amẹ́ríkà, Arthur Fox ṣàkíyèsí pé èròjà kan wà tí ó korò bí ewúro lẹ́nu ẹnì kan, tí ẹlòmíràn kò sì mọ̀ ọ́n lára, àbímọ́ni ni. Ahọ́n ọmọdé sì máa ń gbọ́ kíkorò ju ti àgbà lọ, èyí tí ó dára nínú igbó tí ìṣin tí kò là wà. Àwọn ìyá wa kò bá ahọ́n jà. Ewé ni wọ́n bá ṣe é. Wọ́n fi iyọ̀ bo ewúro, wọ́n fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ títí ó fi ń hó, wọ́n ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, oró rẹ̀ lọ, ìwọ̀nba kíkorò tí ó dùn lẹ́nu ni ó kù. Wọ́n bọ tẹ̀tẹ̀ nínú omi gbígbóná, wọ́n fún un gbẹ, kí omi rẹ̀ má baà ba ọbẹ̀ jẹ́. Wọ́n fi ẹ̀gúsí bo ṣọkọ débi pé ẹni tí ń ṣa ewé kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó gọntíọ ni ewédú: wọ́n já a kúrò lára igi rẹ̀, wọ́n fi káún díẹ̀ sè é, wọ́n sì fi ìjábẹ̀ já a títí tí kò fi sí ewé mọ́, tí ó di ohun tí ń fà. Ọmọ tí ó kórìíra ewé gbé e mì kí ó tó mọ̀. Mo gbà pé ìjábẹ̀ yìí, ìgbálẹ̀ kékeré tí kò tó nǹkan, gbọ́n ju ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń tà lórí bí a ṣe ń mú ọmọ jẹ ẹ̀fọ́ lọ. Orúkọ pàápàá, wọ́n fi polówó: ṣọkọ-yọ̀kọ̀tọ̀, ewé tí ń mú ọkọ sanra. Ta ni kò ní tọ́ ọ wò?

Ní ti owó, ẹ̀fọ́ ṣì wà lára ohun tí tálákà lè nàwọ́ sí ní Ojúwòyè àti Oyíngbò. Ẹja ṣáwá náà wà, ẹja gbígbẹ àwọn Ègùn Mákòkó sì wà, bí owó bá ká a. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ tó fún ìkòkò kan. Àgbálùmọ̀ ń bẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwùsá nígbà òjò, àwọn méjèèjì ni òfin paleo sì gbà. Iṣu ni àwọn ọlọ́fin náà ń jiyàn lé lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà. Nínú gbogbo èyí, ẹni tí kò lówó kò tí ì rí ìdí láti bínú sí oúnjẹ ayé òkúta.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ni ẹ̀wà. Wọ́n ní kí á fi í sílẹ̀ nítorí pé oko ni ó ti wá. Ẹ̀wà tiwa, ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni. Wọ́n ti hú u jáde ní àárín gbùngbùn Gánà níbi tí ó ti wà ní ohun tí ó lé ní 3,500 ọdún sẹ́yìn. Ó dàgbà ju àgbàdo àti gbágùúdá lọ jìnnà lórí ilẹ̀ yìí. Ní 1933, Cicely Williams, dókítà obìnrin tí a bí ní Jàmáíkà, kọ nípa àìsàn kan tí ó ń rí lára àwọn ọmọ ní Gold Coast, àwọn tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí wọ́n sì ń fi àgbàdo nìkan bọ́. Ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pupa, awọ wọn bó. Ní 1935, ó lo orúkọ tí àwọn Gá ń pè é, kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí àbúrò gba ipò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, tí kò jìnnà sí Mushin, ṣe ògì tí a fi ẹ̀wà sóyà lú nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá kò dúró de ilé iṣẹ́ kankan. Mọ́ínmọ́ín ni wọ́n fi ti ẹ̀kọ. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, ẹran di ohun àwòmọ́jú nínú ọ̀pọ̀ ilé, ní 2024 ẹ̀wà pàápàá gbówó lórí, àwọn ènìyàn sì pariwo. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń pariwo sí. Ẹni tí ó lè ra ẹran lójoojúmọ́ lè fi ẹ̀wà sílẹ̀ kí ó má kú. Bí a bá kọ́ ìyálé Mushin pé ẹ̀wà kì í ṣe oúnjẹ baba ńlá, gààrí ni yóò bọ́ sí, kì í ṣe ẹran àgbọ̀nrín.

Ní àwọn ilé àmàlà Sùúrùlérè, ní ọ̀sán, abùlà ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Àmàlà iṣu wà níbẹ̀. Ewédú tí ìjábẹ̀ ti já wà níbẹ̀. Gbẹ̀gìrì tí a fi ẹ̀wà ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọbẹ̀ ata ọmọ àná sì wà lórí, gbogbo wọn nínú àwo kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa òfin paleo mọ́ yóò ní kí olóúnjẹ má bu gbẹ̀gìrì fún òun. Olóúnjẹ yóò gbé ìgbakọ dúró díẹ̀, yóò sì béèrè bóyá inú ni ó ń run ún.